Oúnjẹ Inú Iṣan: Oògùn Tó Lè Bá A Lọ àti Èyí Tí Kò Gbọdọ̀ Kàn Án

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bóyá a lè da oògùn kan pọ̀ mọ́ àpò oúnjẹ inú iṣan, ẹ kọ́kọ́ dáhùn pé rárá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wádìí bóyá ìdáhùn yẹn lè yí padà. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì: omi ṣáà ni èyí, omi ni tọ̀hún náà, kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pẹ̀lú bí nọ́ọ̀sì, apòògùn, dókítà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ òru àti ẹbí tó jókòó ti aláìsàn ṣe lè dènà rẹ̀.

Oúnjẹ inú iṣan ni mo pe àpò oúnjẹ tí wọ́n ń fi rọ́bà gbé wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ìfun rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́: ẹni tí wọ́n gé ìfun rẹ̀, ẹni tí ìfun rẹ̀ lu tàbí tó dí, ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé. Dírípù glúkóòsì lásán kọ́ o. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni Stanley Dudrick àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Philadelphia fi hàn pé èèyàn lè gbé, kó sì dàgbà, lórí oúnjẹ tó ń gba iṣan wọlé nìkan. Ní Sweden, láàárín àkókò kan náà, Arvid Wretlind ṣe ọ̀rá ẹ̀wà sóyà tí iṣan lè gbà láìsí wàhálà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí ti wà: àpò yìí ti gba iṣan aláìsàn fún odindi ọjọ́, ibo ni a ó wá fi oògùn rẹ̀ gbà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àpò tó wà lọ́wọ́ yín

Èròjà inú àpò kan ṣoṣo lè lé ní 40. Glúkóòsì wà níbẹ̀ fún agbára, amino acid wà níbẹ̀ fún ẹran ara, ọ̀rá wà níbẹ̀. Iyọ̀ oríṣiríṣi náà wà: sódíọ́mù, pọtásíọ́mù, kálísíọ́mù, magnesium, fọ́sífeètì. Fítámì ò gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà kínńkínní bíi síńkì àti kọ́pà. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè jọ gbé ni pé ẹni tó pò wọ́n ti ṣírò iye èyí àti iye tọ̀hún. Oògùn tí ẹ bá fà sí i lẹ́yìn náà kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Irú àpò méjì ló wà. Ọ̀kan kò ní ọ̀rá nínú. Ó mọ́ gaara, tàbí kó yẹ́lò díẹ̀ nítorí fítámì. Ìkejì ní ọ̀rá, ó sì funfun bí mílíìkì. Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín dáadáa kí ẹ tó béèrè ohunkóhun lórí oògùn, nítorí ìdáhùn tó bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu. Ondansetron, oògùn èébì, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: wọ́n dán an wò ní oríta rọ́bà, ìyẹn ibi tí rọ́bà oògùn ti pàdé rọ́bà oúnjẹ, òun àti àpò tí kò ní ọ̀rá jọ lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ba ọ̀rá jẹ́ nínú àpò funfun. Ẹni tó bá bi apòògùn pé “ṣé ondansetron bá oúnjẹ inú iṣan mu?” láìsọ irú àpò tó ní, ìdajì ìbéèrè ló béèrè.

Ìyàtọ̀ kejì sì wà. Tí nǹkan bá dì nínú àpò tó mọ́ gaara, ẹ lè fojú rí i. Nínú àpò funfun, àṣírí bò.

Ọ̀nà mẹ́ta tí àpò fi ń bàjẹ́

Èkíní ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ohun méjì tó ti yọ́ sínú omi pàdé, wọ́n di ẹ̀fun, wọ́n sì rọ̀ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n máa fò káàkiri inú omi náà. Ojú lásán kì í sábà rí ohun tí kò bá tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 50 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mílímítà kan). Àwọn iṣan tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àwọn mìíràn kò ju máíkírọ́ọ̀nù 5 lọ. Ohun tí ojú yín kò rí lè dí wọn pa.

Àìdọ́gba pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe ń kan tó), ló sábà ń fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ oògùn wá. pH àpò oúnjẹ máa ń wà láàárín 5.5 sí 6.5, ìyẹn ni pé ó kan díẹ̀. Phenytoin, oògùn wárápá, tó wà nínú ìgò rẹ̀ ní pH tó 12, ti acyclovir, oògùn kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, tó 11. pH gíga yẹn ló ń mú kí wọ́n yọ́. Bí wọ́n bá bọ́ sínú ohun tó kan, wọn kò lè yọ́ mọ́, wọ́n á dì lójú ẹsẹ̀. Ganciclovir, oògùn fáírọ́ọ̀sì mìíràn, ń ṣe bẹ́ẹ̀, furosemide tó ń mú kí èèyàn tọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àpò tí kò ní ọ̀rá. Ti diazepam, oògùn gìrì, yàtọ̀: kì í ṣe omi ni wọ́n fi yọ́ ọ, nítorí náà tí omi bá ti pọ̀ lára rẹ̀, á jáde gẹ́gẹ́ bí ìkùukùu funfun.

Èkejì ni kí ọ̀rá yapa. Ẹ̀kán kéékèèké ni ọ̀rá inú àpò, ìpíndọ́gba ìtóbi wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì máíkírọ́ọ̀nù lọ. Òfin USP, ìwé ìlànà oògùn ti Amẹ́ríkà, sọ pé ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀kán tó bá ju máíkírọ́ọ̀nù 5 lọ kò gbọdọ̀ kọjá 0.05%. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ní agbára iná olódì lára, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ti ara wọn jìnnà. Kálísíọ́mù àti magnesium ń pa agbára náà tí wọ́n bá pọ̀ jù. Irin ń pa á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí iron dextran kò fi gbọdọ̀ wọ àpò tó ní ọ̀rá. Ohun tó bá kan jù náà ń bà á jẹ́. Tí ẹ bá rí ìpele kan tó ki díẹ̀ lókè àpò, tó sì padà pòpọ̀ nígbà tí ẹ rọra yí àpò náà síwá sẹ́yìn, kò tíì burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí òróró yẹ́lò tó léfòó bí epo lórí ọbẹ̀ tó ti tutù, ó ti yapa. Kò sí gbígbọ̀n tó lè dá a padà. Ẹ má gbé e kọ́ aláìsàn.

Ẹ̀kẹta ló ń tan èèyàn jù, nítorí kò sí ohun tí ojú máa rí: oògùn tàbí fítámì pòórá. Ìmọ́lẹ̀ ń pa fítámì A. Sulfite, tó ń wà nínú àwọn omi amino acid kan kí wọ́n má bàa bàjẹ́, ń pa fítámì B1. Insulin ń lẹ̀ mọ́ ara àpò àti rọ́bà, iye tí ẹ fi sí i kọ́ ni iye tó ń dé ara aláìsàn.

Kálísíọ́mù àti fọ́sífeètì

Ọ̀tá tó burú jù ti wà nínú àpò kí oògùn kankan tó dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn: aláìsàn méjì ti kú, ó kéré tán méjì mìíràn kò lè mí dáadáa, lẹ́yìn tí wọ́n gba àpò tó ní ọ̀rá nínú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wò, kálísíọ́mù fọ́sífeètì ni wọ́n bá nínú àwọn iṣan tín-ín-rín ẹ̀dọ̀fóró. Funfun àpò ti bo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn ló sọ ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àṣà iṣẹ́ lónìí di dandan.

Àwọn nǹkan tó ń ti kálísíọ́mù àti fọ́sífeètì sínú ara wọn rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n, nítorí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò ní há gbogbo òfin sórí.

Fọ́sífeètì máa ń wà ní ìrísí méjì. Ọ̀kan fẹ́ràn ibi tó kan, kálísíọ́mù kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a dì. Èkejì ń pọ̀ sí i bí pH bá ṣe ń ga, òun ló ń di ẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tí ohunkóhun tó bá gbé pH àpò sókè fi léwu, yálà oògùn ni tàbí sódíọ́mù baikáábónéètì. Ẹ má fi baikáábónéètì sí àpò oúnjẹ rárá. Òun fúnra rẹ̀ náà ń bá kálísíọ́mù di ẹ̀fun. Tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá kan jù, acetate ni apòògùn máa ń fi rọ́pò nínú àpò. Amino acid ń ràn wá lọ́wọ́ ní tirẹ̀: bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni pH ṣe ń dúró sójú kan.

Ooru wá ni èyí tó kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ olóoru. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ mọ̀ ni ooru ń mú yọ́, ṣùgbọ́n òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Bí àpò bá ṣe ń gbóná, kálísíọ́mù ń já kúrò lára gluconate tó dì í mú, fọ́sífeètì tó burú sì ń pọ̀ sí i. Àpò tó mọ́ gaara nínú fíríìjì lè di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lórí òpó dírípù ní wọ́ọ̀dù tí iná ti lọ, ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru Ìbàdàn bá ti kọjá 30°C. Ọmọ inú ẹ̀rọ amóoru ṣòro jù: rọ́bà rẹ̀ gba inú ooru kọjá, omi inú rẹ̀ kò yára, kálísíọ́mù àti fọ́sífeètì tó nílò sì pọ̀ nínú omi díẹ̀. Ẹ sì rántí pé dídì yìí lè pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Pé àpò mọ́ gaara ní aago mẹ́jọ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí ní aago méjì.

Irú iyọ̀ tí wọ́n lò náà ṣe pàtàkì. Calcium gluconate sàn ju calcium chloride lọ, nítorí kì í tètè já. Fọ́sífeètì bíi sodium glycerophosphate sàn ju èyí tí kò ní káábọ̀ọ̀nù lọ dáadáa. Níbi tí ẹ bá ti rí i rà fún ọmọ tuntun, mi ò rí ìdí tí ẹ máa fi lo òmíràn.

Tí ẹ bá ń pò ó

Wọ́ọ̀dù kì í ṣe ibi ìpò. Inú yàrá mímọ́, nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ ń fẹ́ jáde, ni apòògùn tó kọ́ṣẹ́ ti ń ṣe é. Níbi tí kò bá ti sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, àpò oníyàrá mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀, irú bíi Kabiven, Olimel tàbí Nutriflex Lipid, dára ju kí a máa gbìyànjú lórí tábìlì nọ́ọ̀sì lọ.

Ẹni tó bá ń fọwọ́ pò ó, glúkóòsì àti amino acid ni kó kọ́kọ́ dà pọ̀. Ẹ má da glúkóòsì lé ọ̀rá tààrà. Ó kan, ó lè fọ́ ọ. Fọ́sífeètì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sódíọ́mù, pọtásíọ́mù, magnesium àti èròjà kínńkínní. Ẹ yí àpò náà dáadáa lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kálísíọ́mù ló ń kẹ́yìn gbogbo iyọ̀, kí omi tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ tó láti gbà á. Bí rọ́bà kan náà ni ẹ fi ń fà wọ́n, ẹ ṣan án kí kálísíọ́mù tó gba ibi tí fọ́sífeètì gbà kọjá.

Ìṣirò kan wà tí àwọn kan máa ń gbàgbé. Bí àpò yóò bá di lítà méjì nígbà tó bá pé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ lítà kan ló wà níbẹ̀ nígbà tí kálísíọ́mù wọlé, lítà kan yẹn ni kí ẹ fi ṣírò bóyá á dì. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti wáyé nínú lítà kan, lítà kejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní yọ́ ọ padà.

Kí ọ̀rá tó wọ̀ ọ́, ẹ gbé àpò náà sí iwájú ohun dúdú, lẹ́yìn náà iwájú ohun funfun, kí ẹ tan iná sí i, kí ẹ wò ó fínnífínní. Ìgbà ìkẹyìn tí ojú máa wúlò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá, kí fítámì wá kẹ́yìn.

Ní ti àpò oníyàrá mẹ́ta, ẹ já àwọn ògiri inú rẹ̀ kí ẹ tó fi nǹkan kún un, kí ẹ pò ó pọ̀ bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ, kó tó kan fítámì tàbí èròjà kínńkínní, nípa ẹnu àpò tí wọ́n ṣe fún un. Ìwé náà ń sọ iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè fi kún un nínú iyọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ irú àpò bẹ́ẹ̀ ti ní kálísíọ́mù àti fọ́sífeètì nínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó wo èsì àyẹ̀wò, tó rí i pé fọ́sífeètì aláìsàn kéré, tó wá fa ìgò fọ́sífeètì kan sínú àpò tó ti ń kán, ewu méjì ló fà papọ̀.

Ewu kejì yẹn, ìyẹn fífa nǹkan sínú àpò tó ti ń kán, kan pọtásíọ́mù pàápàá. Ẹ má fa ohunkóhun sínú àpò tó ti wà lórí òpó. Ohun tí ẹ fà sí i á dúró sójú kan, kò ní pòpọ̀ mọ́ ìyókù, yóò sì gba rọ́bà sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pọtásíọ́mù tó bá dé ọkàn lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè dá a dúró.

Oògùn wo ló yẹ kó wọ inú àpò?

Díẹ̀ ni. Insulin tó mọ́ gaara, irú èyí tí a ń pè ní regular, lè wọ̀ ọ́. Àwọn insulin tó dà bí ìkùukùu àti àwọn tó ń pẹ́ lára kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Famotidine tí wọ́n fi ń dín omi kíkan inú kù náà lè wọ̀ ọ́. Ranitidine ni wọ́n ń lò fún un jù láyé àtijọ́, títí FDA fi ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 2020. Ní ti heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ gbàgbé rẹ̀ nínú àpò tó ní ọ̀rá: òun àti kálísíọ́mù máa ń lẹ̀dí àpò pọ̀ láti fọ́ ọ̀rá náà.

Kódà oògùn tó bá àpò mu, mo ṣì máa ń bi ara mi pé kí ló dé tó fi gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bí dókítà bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà lọ́sàn-án, odindi àpò olówó gọbọi di ìdànù. Bí wọ́n bá dá oúnjẹ dúró torí ibà, oògùn náà dúró pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò sì wà tó jẹ́ pé wọ́n gbọdọ̀ wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Kíkán díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24 kò wúlò fún wọn. Tó bá jẹ́ torí kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè dín kù nìkan ni, kò tó.

Oríta rọ́bà: bí ẹ ṣe máa fún aláìsàn ní oògùn nígbà tí oúnjẹ ń lọ

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá oògùn náà gbọdọ̀ gba iṣan. Àwọn mìíràn lè gba ìdí, àwọn mìíràn lè gba abẹ́ awọ tàbí itan. Bó bá jẹ́ iṣan ni, ẹ wá kánúlà mìíràn, tàbí kí ẹ lo ojú mìíràn lára kátítà (rọ́bà gígùn tí wọ́n tì bọ iṣan ńlá) olójú méjì tàbí mẹ́ta. Ojú kan nínú kátítà bẹ́ẹ̀ yẹ kó jẹ́ ti oúnjẹ nìkan, kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ kì í gba ibẹ̀, a kì í fa ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò níbẹ̀. Ọ̀ràn kòkòrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú: oúnjẹ tó dára fún èèyàn dára fún kòkòrò, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tú rọ́bà náà ni ẹ ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Bí kò bá sí iṣan mìíràn, ẹ pe apòògùn. Ẹ má kàn sọ orúkọ oògùn fún un. Ẹ sọ irú àpò, ẹ sọ bí oògùn náà ṣe ki tó, ẹ sọ ohun tí wọ́n fi yọ́ ọ. Morphine, oògùn ìrora, tó jẹ́ mílígíráàmù kan nínú mílílítà kan lè bá àpò tó ní ọ̀rá pàdé ní oríta. Èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 15 nínú mílílítà kan kò lè bá a pàdé. Oògùn kan náà ni o. Apòògùn á wo ibi tí wọ́n ti dán an wò. Bó bá rí àyẹ̀wò tó bá tiyín mu gan-an, wọ́n lè jọ lọ. Bí kò bá rí i, ìdáhùn ni rárá. Àìsí ẹ̀rí pé ó burú kò sọ ọ́ di ohun tó dára, mo sì ti gbọ́ tí àwọn tó yẹ kó mọ̀ ń sọ òdìkejì rẹ̀.

Àyẹ̀wò oríta kò sì dúró fún àyẹ̀wò inú àpò. Ní oríta, oògùn àti oúnjẹ pàdé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì ti wọ ara lọ. Nínú àpò, wọ́n á jọ gbé fún wákàtí 24.

Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, tí kò sì sí iṣan mìíràn, ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ fi omi iyọ̀ 0.9% ṣan rọ́bà àti kánúlà; mílílítà 10 ló wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà, ti ọmọ tuntun kéré gan-an, kí dókítà ọmọdé sọ iye rẹ̀. Ẹ fún un ní oògùn. Ẹ tún ṣan án. Ẹ dá oúnjẹ padà. Phenytoin, acyclovir àti diazepam kò ní ọ̀nà mìíràn ju èyí lọ. Amphotericin B àtijọ́, oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ń béèrè ọgbọ́n díẹ̀ sí i: iyọ̀ gan-an ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí náà glúkóòsì 5% ni kí ẹ fi ṣan rọ́bà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí.

Ẹ má dá oúnjẹ dúró pẹ́ láìyẹ ṣúgà wò. Ara ti mọ̀ pé glúkóòsì ń wọlé, insulin ti jáde láti pàdé rẹ̀. Ọmọ tuntun ni ṣúgà rẹ̀ lè tètè já wálẹ̀. Ẹ sì má yára lé oúnjẹ bọ̀ lẹ́yìn náà kí ẹ lè “bá àkókò”. Ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ dá a padà sí.

Ceftriaxone

Mo ya oògùn apakòkòrò yìí sọ́tọ̀ nítorí kò sí wọ́ọ̀dù tí wọn kì í ti í lò ó. Ceftriaxone ń bá kálísíọ́mù dì. Àwọn ọmọ tuntun kan ti kú nítorí rẹ̀, wọ́n sì rí ohun tó dì náà nínú ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín wọn. FDA kìlọ̀ lórí rẹ̀ ní 2007, wọ́n tún ìkìlọ̀ náà ṣe ní 2009.

Fún ọmọ tí kò tíì ju ọjọ́ 28 lọ, tó ń gba oúnjẹ inú iṣan tó ní kálísíọ́mù, ẹ má fún un ní ceftriaxone rárá. Iṣan mìíràn kò yí i padà, ọwọ́ mìíràn kò yí i padà. Kí dókítà yan oògùn mìíràn. Fún ẹni tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò gbọdọ̀ pàdé ní oríta, ṣùgbọ́n ẹ lè fún un ní ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bí ẹ bá ṣan rọ́bà dáadáa láàárín wọn. Ẹ má fi dírípù Ringer's lactate po ceftriaxone, ẹ má sì fi ṣan rọ́bà rẹ̀: kálísíọ́mù wà nínú òun náà.

Asẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti aago

Ẹ fi asẹ́ sí ìsàlẹ̀ rọ́bà, nítòsí aláìsàn. Ìkìlọ̀ 1994 ní kí á lo asẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 1.2 fún àpò tó ní ọ̀rá àti 0.22 fún èyí tí kò ní. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ASPEN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ inú iṣan ní Amẹ́ríkà, ti ní kí á máa lo 1.2 fún méjèèjì. Asẹ́ kì í tún àpò tó bàjẹ́ ṣe, ó kàn lè gba aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí asẹ́ bá dí, tí ẹ̀rọ ń ké, ẹ má yọ asẹ́ kúrò kí oúnjẹ lè máa lọ. Asẹ́ tó dí ń sọ nǹkan fún yín nípa àpò yẹn. Ẹ dá a dúró, ẹ gbé àpò àti rọ́bà kúrò, ẹ pe apòògùn.

Ní 2019 EMA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù, ní kí á dáàbò bo oúnjẹ inú iṣan àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀, àpò àti rọ́bà pọ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti pò ó títí yóò fi tán. Ìmọ́lẹ̀ ń sọ ọ̀rá àti fítámì di ohun tó lè pa ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lára. Ní ti aago, àpò tó bá ti pé wákàtí 24 lórí òpó ti parí, bó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ọ̀rá tó dá nìkan wà nínú ìgò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 12 lọ.

Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ẹ bá rí ìkùukùu, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tàbí òróró, tàbí tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí pẹ̀lú ìṣòro nígbà tí oúnjẹ ń lọ, ẹ dá oúnjẹ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi ti ohun tó wà nínú rọ́bà wọ inú rẹ̀. Ẹ yọ rọ́bà náà, ẹ pe dókítà, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bó bá nílò rẹ̀. Kí glúkóòsì rọ́pò oúnjẹ láti iṣan mìíràn kí ṣúgà má bàa já. Ẹ má da àpò náà nù: ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tó gba ibẹ̀ kọjá àti àkókò rẹ̀. Ní Nàìjíríà, apòògùn ló yẹ kó fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAFDAC lórí fọ́ọ̀mù ìpalára oògùn.

Fún ẹbí tí wọ́n ní kó lọ ra àpò wá

Ó ń ṣẹlẹ̀ pé àwọn ẹbí ló ń gbé àpò láti ilé oògùn wá sí wọ́ọ̀dù. Ẹ má fi í sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn; púpọ̀ nínú àwọn àpò oníyàrá mẹ́ta kò fẹ́ kọjá 25°C, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ dì bí yìnyín. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ mọ. Ẹ má já láílọ́ọ̀nù tó bo àpò náà níta, ẹ má sì tẹ àpò náà débi tí yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ṣí sínú ara wọn kó tó dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò nílé fún wọn, àgbo pẹ̀lú. Lára àwọn àpò kan, àmì kékeré kan wà nínú láílọ́ọ̀nù ìta náà tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú bí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé. Bó bá ti dúdú kí ẹ tó sanwó, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.